Ọparun Abẹ́ Dẹ́kìn: Ọ̀rọ̀ Lórí Sítẹ́ǹtì Tó Ń Yọ́ Nínú Iṣan Ọkàn

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Kàbà, nínú oṣù Kejìlá. Mo tún un tò díẹ̀ nítorí àwọn tí kò lè wá, mo sì fi àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí sí ìparí.)

Okun o, ẹ̀yin bàbá. Okun o, ẹ̀yin ìyá. Okun o, ẹ̀yin tí ẹ wọkọ̀ láti Ìṣánlú, Mopà àti Ìyàrà, tí eruku ọ̀nà ṣì wà lórí fìlà yín. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ mi má gùn. Ọkọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ yẹn, nítorí náà mo ní láti gbọ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 19 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá kan ní Èkó tí a ti ń gba ọrùn ọwọ́ èèyàn dé inú iṣan ọkàn rẹ̀, kí n tó fẹ̀yìn tì wálé sí Ìjùmú. Ohun tó gbé mi dé iwájú yín ni ìpè kan tí mo gbà nínú oṣù Kẹsàn-án. Àbúrò bàbá mi ló pè. Àyà máa ń fún wọn tí wọ́n bá ń gun òkè oko. Dókítà ti yẹ̀ wọ́n wò, ó ní iṣan kan ti dí, kí wọ́n lọ fi sítẹ́ǹtì, àwọ̀n kékeré tó ń gbé ògiri iṣan ró, sí i. Bàbá kò bínú sí ìyẹn. Ohun tó bí wọn nínú ni pé irin ni. Ẹnì kan ti fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp pé òyìnbó ti kúrò lórí irin, pé èyí tó ń yọ́ bí iyọ̀ ló wà lóde báyìí. Wọ́n ti rí ẹni tó fẹ́ ra oko kajú wọn, kí wọ́n lè lọ gbà á ní Íńdíà. Wọ́n wá bi mí pé: “Ìwọ tó o fi gbogbo ayé rẹ ṣe iṣẹ́ yìí, ṣé o mọ̀ nípa rẹ̀, o ò sì sọ fún wa?”

Mo mọ̀ nípa rẹ̀. Òun ni mo wá sọ.

Ọkàn kún fún ẹ̀jẹ̀ tọ̀sán tòru, ó ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́, síbẹ̀ kò lè mu nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń pọnmi fún gbogbo agboolé, tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan korobá. Ẹlòmíì ló ní láti bu tirẹ̀ wá fún un. Àwọn iṣan tó ń bọ́ ọkàn yìí wà lóde ara rẹ̀, wọ́n yí i ká bí adé, ọ̀rọ̀ Látìn tó ń jẹ́ adé ni òyìnbó sì ti yọ orúkọ wọn, coronary. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí íńkì wà nínú báírò lọ.

Ọ̀rá máa ń kó jọ sínú ògiri iṣan yìí díẹ̀díẹ̀, fún ogún ọdún, fún ọgbọ̀n ọdún. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà àti sìgá ló ń yára mú un wá. Tó bá ti dí tó 70 nínú 100, èèyàn á máa rìn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà, àmọ́ tó bá ti ń gun òkè, àyà á fún un pọ̀. Bó bá jókòó, á lọ. Ìyẹn ni ti àbúrò bàbá mi. Èkejì ni kí ọ̀rá yẹn sán lójijì, kí ẹ̀jẹ̀ dì lé e lórí, kí ọ̀nà dí pátápátá. Ìyẹn ni ìkọlù ọkàn. Ọ̀tọ̀ ni àkọ́kọ́, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Mo máa padà sí i.

Ta ló kọ́kọ́ rò ó pé èèyàn lè ti nǹkan wọ inú ọkàn? Ní 1929, ní ìlú Eberswalde ní Jámánì, dókítà ọmọ ọdún 25 kan, Werner Forssmann, fẹ́ ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ láti iṣan apá dé ọkàn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kò gbọ́dọ̀ dán an wò. Ó lọ bá nọ́ọ̀sì tí kọ́kọ́rọ́ àpótí irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Gerda Ditzen. Nọ́ọ̀sì ní kó ṣe é lára òun. Forssmann dè é mọ́ tábìlì, ó ṣe bí ẹni pé apá nọ́ọ̀sì ló ń tọ́jú, àṣé apá ara rẹ̀ ló ti ti rọ́bà wọ̀. Ó rìn lọ sí ibi ẹ̀rọ X-ray pẹ̀lú rọ́bà lára, wọ́n ya á, rọ́bà sì ti dé ọkàn lóòótọ́. Ní 1956, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel. Wọn ò fún nọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án 1977, ní Zurich, Andreas Gruentzig, ẹni tó ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bàlúùnù kéékèèké lórí tábìlì kíṣìnnì rẹ̀, ti ọ̀kan wọ iṣan ọkàn ọkùnrin ẹni ọdún 38 kan. Ojú ọkùnrin náà là sílẹ̀. Ó fẹ̀ ẹ́, ó sọ ọ́ di pẹlẹbẹ, ó fà á jáde, ọ̀nà sì là. Bàlúùnù tí mo wí yìí, irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní fèrè náà ni, àfi pé ó kéré, ó sì yi.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ yàrá náà. Ó tutù. Ẹ̀wù òjé tí a ń wọ̀ nítorí X-ray wúwo bí ìgbà tí o gbé ọmọ ọdún kan kọ́ àyà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. A ó fún ọrùn ọwọ́ aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, níhà àtàǹpàkò, dókítà á gún un, á sì ti wáyà kan tó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ wọlé. Lórí tẹlifíṣàn a ń rí wáyà yẹn bó ti ń gòkè lápá, tó yí ní èjìká, tó sọ̀ kalẹ̀ sórí ọkàn tó ń jó. A ó fín oje kan tí X-ray lè rí. Ibẹ̀ ni aláìsàn á ti pariwo pé, “Nọ́ọ̀sì, mo ti tọ̀ sára!” Kò tọ̀, ooru oje náà ni. Lẹ́yìn náà ni bàlúùnù, tí sítẹ́ǹtì fún mọ́ lára, á dé ibi tó há. Omi la fi ń fẹ̀ ẹ́, kì í ṣe atẹ́gùn. Agbára tí fọ́gánáísà fi ń fún tàyà mọ́tò yín kò ju ìlọ́po méjì tàbí díẹ̀ sí i ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Tiwa máa ń tó ìlọ́po 12, ó lè dé 16. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yẹn, bàlúùnù ti dí ọ̀nà pátápátá, ìrora tí aláìsàn bá wá á sì padà dé. Ọwọ́ mi ni wọ́n máa ń dì mú. Níbẹ̀ ni mo ti mọ ọwọ́ àgbẹ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́ akọ̀wé. A sọ bàlúùnù di pẹlẹbẹ, a fà á jáde, sítẹ́ǹtì kù síbẹ̀, ìrora lọ.

Kí ló dé tí a fi ń fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀? Nítorí iṣan tí bàlúùnù nìkan fẹ̀ máa ń sún kì padà. Nínú mẹ́ta, ọ̀kan á tún há láàárín oṣù mẹ́fà. Ní oṣù Kẹta 1986, ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, Jacques Puel fi àwọ̀n irin sínú iṣan ọkàn fún ìgbà àkọ́kọ́. (Charles Stent tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe nǹkan yìí, dókítà eyín ní Lọ́ńdọ̀nù ni, kò sì mọ nǹkan kan nípa ọkàn.) Nígbà tó yá, ẹran ara ń hù bo irin náà mọ́lẹ̀, wọ́n bá fi oògùn kùn ún. Láti 2002 ni wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ ní Yúróòpù, oògùn tí wọ́n sì kọ́kọ́ lò wá láti ara kòkòrò tín-tìn-tín kan tí wọ́n rí nínú erùpẹ̀ Rapa Nui, erékùṣù kan láàárín òkun Pàsífíìkì. Bí a ti ń wí yìí, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi oògùn kùn ni gbogbo ayé ń lò.

Kí ló wá dé tí ẹnikẹ́ni fi ń wá èyí tó ń yọ́?

Ẹ ti rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kọ́ sójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Kí wọ́n tó da kọnkéré sórí dẹ́kìn, káfíńtà á ti to ọparun àti pákó sábẹ́ rẹ̀ bí igbó. Bí wọ́n bá yọ ọparun kí kọnkéré tó le, dẹ́kìn á wó lé èèyàn lórí. Tí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ títí ayé, ta ló máa gbé pálọ̀ tí ọparun dúró láàárín rẹ̀? Iṣan ọkàn náà bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù díẹ̀ ló fi nílò ẹni tó máa gbé e ró. Lẹ́yìn ìyẹn, irin kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́, àmọ́ kò ní lọ. Kì í jẹ́ kí iṣan sún kì kó sì tún tú bí Ọlọ́run ti dá a. Tí ibẹ̀ bá tún há, irin lórí irin ni wọ́n máa fi sí i. Lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́, lọ́dọọdún, nǹkan bí èèyàn méjì nínú 100 tó ní i lára ni ibi tí wọ́n fi irin sí ṣì máa ń dá wàhálà sílẹ̀ fún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọparun tó máa yọ ara rẹ̀ kúrò fi dùn létí àwọn dókítà.

Kí ni wọ́n wá fi ṣe é? Ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe ògì, ẹ mọ omi kíkan tó máa ń lé sórí rẹ̀. Ohun tó ń mú un kan, lactic acid ni. Ohun kan náà ló máa ń pọ̀ nínú iṣan ẹsẹ̀ yín tí ẹ bá sáré. Bí wọ́n bá so ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ pọ̀ mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, ike ló ń dà, ike líle. Nínú ara, omi á máa já okùn ìlẹ̀kẹ̀ yẹn níkọ̀ọ̀kan, yóò padà di lactic acid, ara á jó o bí ó ti ń jó oúnjẹ, yóò sì di omi àti èémí tí a ń mí síta. Àwọn dókítà ti ń fi irú ike bẹ́ẹ̀ ṣe òwú tí wọ́n fi ń rán ojú ọgbẹ́ abẹ́nú, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í wá tú.

Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ fi í sínú ọkàn èèyàn, Hideo Tamai àti Keiji Igaki, ní ìparí àwọn ọdún 1990. Oje gbígbóná ni wọ́n fi ń mú un là, ó sì yẹ àwọn tó gbà á, àmọ́ ta ló máa fara balẹ̀ gbé omi gbígbóná kiri nínú iṣan ọkàn? Èyí tó lókìkí dé lẹ́yìn rẹ̀: Absorb, ti iléeṣẹ́ Abbott. Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2011, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i nínú oṣù Keje 2016. Ọdún mẹ́ta ló fi ń yọ́ tán. Bó bá tiẹ̀ yọ́ tán, àmì pílátínọ̀mù mẹ́rin tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ń kù síbẹ̀, nítorí X-ray kò lè rí ike, àmì yẹn ni dókítà fi ń mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá ní kò fi nǹkan kan sílẹ̀, ẹ rẹ́rìn-ín sí i.

Mo rántí ayọ̀ tó wà ní yàrá wa nígbà náà. Dókítà kan tẹ àwòrán rẹ̀ jáde, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ike kì í ṣe irin. Kí ike tó lè ní agbára irin, ó gbọ́dọ̀ nípọn. Okùn irin inú sítẹ́ǹtì ìgbàlódé kò fi bẹ́ẹ̀ nípọn ju 0.08 mílímítà lọ, bí okùn irun orí kan. Ti Absorb tó 0.15, bí irun méjì tí a tò pọ̀. Ẹ rò ó wò: ihò báírò, ẹ to òkúta sí ògiri rẹ̀ yíká. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré kọjá á máa kọsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó bá sì ti kọsẹ̀ máa ń dì. Tí dókítà bá fẹ̀ ẹ́ jù, ike á ṣẹ́. Tí kò bá fẹ̀ ẹ́ tó, kò ní lẹ̀ mọ́ ògiri. Nígbà tó bá wá ń yọ́, tí ẹran ara kò tíì bò ó dáadáa, èkúfọ́ rẹ̀ lè wó sínú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ọparun tó wó sí pálọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi wé irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní oògùn lára, láàárín èèyàn 2,008, nínú ìwádìí ABSORB III. Nígbà tó pé ọdún méjì, ibi tí wọ́n tún ṣe ti dá wàhálà sílẹ̀ fún 11 nínú 100 tó gba èyí tó ń yọ́; nínú àwọn tó gba irin, kò pé 8. Ti ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ: 1.9 nínú 100, sí 0.8. Nínú oṣù Kẹsàn-án 2017, iléeṣẹ́ náà dáwọ́ títà rẹ̀ dúró. Kò pé oṣù 15 tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ẹnì kan yọ àwòrán yẹn kúrò lára ògiri wa, a ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ lé àwọn aláìsàn yẹn dé ọdún márùn-ún, lẹ́yìn ọdún kẹta, tí ike ti yọ́ tán, èyí tó ń yọ́ kò burú ju irin lọ mọ́. Ewu rẹ̀ wà láàárín ìgbà tó ṣì wà níbẹ̀. Lójú tèmi, èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò burú, ike tí wọ́n fi ṣe é ló nípọn jù.

Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ kò fi dúró. Ní Íńdíà wọ́n ṣe ti ike tí kò ju 0.1 mílímítà lọ. Ní Jámánì, iléeṣẹ́ Biotronik fi irin magnésíọ̀mù ṣe tirẹ̀, Yúróòpù sì fọwọ́ sí i ní 2016: irin ni, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ láàárín bí ọdún kan. Magnésíọ̀mù yìí, inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tútù la ti ń jẹ ẹ́. Ìwé ìṣègùn kan tí wọ́n tẹ̀ ní 2005 sọ nípa ọmọ ìkókó kan ní Jámánì, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tí wọ́n bí i. Iṣan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ dí, wọ́n fi sítẹ́ǹtì magnésíọ̀mù sí i. Ẹ wo bọ́gbọ́n ṣe wà níbẹ̀: irin tó ń dúró kò ní dàgbà pẹ̀lú ọmọ.

Ibi tí mo rò pé ó máa kàn wá jù nílé níbí, ẹsẹ̀ ni. Ẹ mọ iye èèyàn tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ nítorí ìtọ̀ ṣúgà. Nínú oṣù Kẹrin 2024, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí sítẹ́ǹtì ike tó ń yọ́ fún iṣan ìsàlẹ̀ orúnkún, ti Abbott náà. Wọ́n fi wé bàlúùnù nìkan, láàárín èèyàn 261. Lẹ́yìn ọdún kan, 74 nínú 100 tó gbà á ni wọn ò gé lẹ́sẹ̀, tí iṣan wọn kò dí, tí kò sì tún há, tí wọn kò tún un ṣe; nínú àwọn tó gba bàlúùnù, 44. Ẹ ò rí i pé ohun tí wọ́n lé kúrò ní pálọ̀ ti rí iṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí oko kajú. Ẹni tí àyà ń fún tó bá gun òkè, tó sì ń lọ tó bá jókòó, ní àkókò. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ISCHEMIA, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, kó èèyàn 5,179 jọ ní orílẹ̀-èdè 37. Yàtọ̀ sí àwọn tí gbòǹgbò iṣan òsì ọkàn wọn ti há, tí wọn ò gbà sínú ìwádìí náà, fífi sítẹ́ǹtì sí i kíákíá tàbí ṣíṣe iṣẹ́ abẹ kò dín ikú kù ju oògùn tó péye lọ. Ó dín àyà fífún kù, ìyẹn kò sì kéré. Àmọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ ta oko ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Tí wọ́n bá sì máa fi sítẹ́ǹtì sí i, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní oògùn lára ṣì ni, wọ́n sì ń fi í síni lára ní Èkó, wọ́n ń fi í síni lára ní Ìlíṣàn Rẹ́mọ.

Ti ìkọlù ọkàn, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ni. Àyà tó ń dùn bí ẹni gbé òkúta lé e, tó ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, tí òógùn tútù ń bò ẹ́, ó lè jẹ́ òun. Láti ibí dé Lọ́kọ́ja, bí 80 kìlómítà ni, ẹ sì mọ ọ̀nà yẹn. Ẹni tí ásípírìn kì í bá jà, tí kò ní ọgbẹ́ inú, kó jẹ 300 mílígíráàmù rẹ̀ lẹ́nu kúnná kó tó gbé e mì, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fín tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́, kò sì níye lórí mọ́ tó bá ti ju wákàtí 12 lọ. Kò ní kí a dé Íńdíà.

Ìyókù ni ti oògùn ẹ̀yìn rẹ̀. Olùkọ́ kan, ọmọ ilé wa ni, wọ́n fi sítẹ́ǹtì sí i lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n fún un ní oògùn oṣù kan. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé ásípírìn àti clopidogrel, oògùn méjì tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ló máa jẹ pọ̀ fún ọdún kan, pé ásípírìn kò ní tán láé. Oògùn tán, ó rò pé ìwòsàn ló tán. Oṣù kẹta, ẹ̀jẹ̀ dì sínú irin náà. Ó ń bẹ láyé, ẹ dúpẹ́ bá wa, ṣùgbọ́n kò lè rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì láì dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó yọ́ tàbí ohun tí kò yọ́ kọ́ ló ṣe é. Bébà tí wọn ò kọ ló ṣe é.

Ó parí. Ìbéèrè wá.

Ọ̀dọ́kùnrin kan bi mí pé ṣé ààrá kò ní sán pa ẹni tó ní irin láyà. Mo ní irin náà kò wúwo tó òrùka ọwọ́ rẹ̀, òrùka kò sì tíì pè ààrá wá bá a. Ẹlòmíì bi mí bóyá ẹ̀rọ àíróótù á ké. Kì í ké.

Àbúrò bàbá mi dìde lẹ́yìn. Gbogbo ojú yí sí wọn. Wọ́n ní: “Èló ni ti irin?” Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ kọ oògùn fún wọn, oṣù mẹ́ta, ká rí bí òkè oko ṣe máa rí sí wọn. Wọ́n ní: “Mi ò bi ẹ́ ní ti oògùn.” Wọ́n jókòó. Ojú wọn kò dùn sí mi rárá.

Ìyá àgbà kan ní ìlà iwájú ló ní tó kẹ́yìn. Ṣé tí àwọn bá ń mu omi ògì kíkan láràárọ̀, kò lè yọ́ ọ̀rá inú iṣan? Mo ní rárá, inú ló ń lọ, kì í dé ibẹ̀ bí omi kíkan. Ìyá wò mí títí. “Kí ló wá dé tó o fi gbé ògì wọ inú ọ̀rọ̀?” Mo ní kí wọ́n má bínú, ebi ló ń pa mí. Wọ́n bá gbé iyán wọlé.